Báwo lẹ ṣe ń gbọ́ ohun tí ìlù ń sọ nínú àpàlà?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Orin àpàlà Haruna Ishola ni mo ń gbọ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ìmọ̀ràn yín ni mo sì ń wá.

Orin ẹnu yé mi dáadáa. Òwe ń gorí òwe, oríkì ẹni tó ń kì á yọ wọlé láàárín, síbẹ̀ kì í sábà fi orin ba ohùn ọ̀rọ̀ jẹ́: ohùn òkè á lọ sókè, ti ìsàlẹ̀ á wálẹ̀. Iṣẹ́ ọpọlọ gidi ni!

Ìlù ló ń dà mí láàmú. Bí olórin bá dákẹ́, tí agídìgbo àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń bá tiwọn lọ, ìlù á fọhùn. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ló ń sọ, àmọ́ gbólóhùn kan náà lè dà bí àdúrà létí mi lónìí, kó di èébú lọ́la.

Ṣé kí n lọ kọ́ ìlù lílù ni, àbí kí n kọ́kọ́ há òwe àti oríkì tí àwọn onílù máa ń lò sórí? Ẹ̀yin ọmọ àyàn, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ kọ́kọ́ máa ń tẹ́tí sí?