Màmá mi ń lo warfarin: ṣé kí wọ́n jáwọ́ nínú ẹ̀fọ́ ni?

Ọmọ Aláró, Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ẹ̀jẹ̀ dì sínú iṣan ẹsẹ̀ màmá mi lọ́dún tó kọjá, ni wọ́n bá ní kí wọ́n máa lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Wọ́n ń yẹ INR wọn wò déédéé, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bó ṣe ń pẹ́ tó kí ẹ̀jẹ̀ tó dì (bó bá ṣe ga tó ni ẹ̀jẹ̀ ń pẹ́ dì tó), wọ́n ní kó máa wà láàárín 2 sí 3, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ń rí. Àfìgbà tí aládùúgbò kan wá sọ pé ẹni tó bá ń lo oògùn yìí kò gbọdọ̀ fẹnu kan ẹ̀fọ́. Màmá tí ọbẹ̀ wọn kì í pé láìsí tẹ̀tẹ̀ tàbí ṣọkọ bá pa gbogbo rẹ̀ tì lójijì, ó di ẹ̀kọ àti ẹ̀wà. Lọ́sẹ̀ yìí inú ń run wọ́n, wọ́n ra Flagyl ní kẹ́míìsì, wọ́n sì ń lò ó. Láàárọ̀ yìí, bí wọ́n ṣe ń rún orín, ẹ̀jẹ̀ yọ ní erìgì wọn, kò sì tètè dá. Mo tún rí ojú ibi tó dúdú lápá wọn, wọn ò sì rántí pé àwọn fi gbá nǹkan kan. Ṣé àìjẹ ẹ̀fọ́ ló fà á? Ṣé kí wọ́n dá warfarin dúró ni?

Nọ́ọ̀sì Òkè Fíà:
Ẹ má dúró ka èsì tó kù. Ẹ gbé Màmá lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú wọn lónìí, kí wọ́n yẹ INR wò kí àsìkò oògùn alẹ́ tó tó. Dókítà tó bá rí nọ́ńbà náà ló máa sọ bóyá kí wọ́n dá a dúró. Ẹ kó gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò dání, àti Flagyl, àti àgbo tó bá wà nílé. Bí orí bá ń fọ́ wọn gan-an, tí wọ́n bá bì ẹ̀jẹ̀, tí ìgbẹ́ wọn bá dúdú, tàbí tí wọ́n bá ṣubú tí wọ́n fi orí gbálẹ̀, pàjáwìrì ni, ìbáà jẹ́ lóru.

Apòògùn Ìgbóǹnà:
Ọ̀rọ̀ Nọ́ọ̀sì ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ní tèmi, Flagyl ni mo fura sí jù. Metronidazole ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Ẹ́ńsáìmù kan wà nínú ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń pè ní CYP2C9, òun ló ń tú warfarin palẹ̀ kó lè jáde lára. Metronidazole máa ń dí i lọ́wọ́. Iye tí Màmá ń gbé mì kò yí padà o, ṣùgbọ́n èyí tó ń jáde ti dín kù, ni oògùn bá ń pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀. Fluconazole náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, Septrin náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ti rifampicin, èyí tí wọ́n fi ń wo ikọ́ ife, yàtọ̀ pátápátá: ńṣe ló ń mú kí ẹ̀dọ̀ ṣe ẹ́ńsáìmù yìí sí i, warfarin á máa tètè tán, ẹ̀jẹ̀ á sì tún fẹ́ dì.

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́, Ọjà Ọba:
Háà, ẹ jẹ́ kí Màmá jẹ ẹ̀fọ́ o! Ẹ̀fọ́ ló ń fún wa lẹ́jẹ̀. Ẹ bo ewúro, kí ẹ fún omi rẹ̀ fún wọn mu láràárọ̀, ẹ̀jẹ̀ náà á dá.

Tíṣà Òkè Báálẹ̀:
Ìyá wa, a mọ̀ pé ire lẹ fẹ́ fún wọn, ṣùgbọ́n kí wọ́n má tíì ṣe ti ewúro yẹn. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, torí ẹ̀kọ́ tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ nìyí.

Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe àwọn púrótéènì tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì. Mẹ́rin nínú wọn, nọ́ńbà 2, 7, 9 àti 10, kò lè ṣiṣẹ́ àfi bí ẹ́ńsáìmù kan bá parí wọn, fítámì K sì ni ẹ́ńsáìmù náà ń lò. Bó bá ti lo fítámì yìí lẹ́ẹ̀kan, ó di òfìfo, bíi sílíńdà gáàsì tó tán. Ẹ́ńsáìmù kejì, VKOR, ló ń rọ gáàsì padà sínú rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń rọ gáàsì yìí ni warfarin dí pa. Àwọn èèyàn ń sọ pé ó ń mú ẹ̀jẹ̀ ṣàn bí omi; kò rí bẹ́ẹ̀, kò tiẹ̀ fọwọ́ kan ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ̀fọ́ wá ń gbé sílíńdà kíkún wọlé láti ìta. Bí Màmá bá jẹ ẹ́ rẹpẹtẹ lójijì, INR á wálẹ̀. Bí wọ́n bá pa á tì lójijì, á gòkè. Orí oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ nígbà yẹn ni dókítà gbé ìwọ̀n oògùn wọn lé.

Ohun tó máa ń jọ mí lójú ni pé inú oúnjẹ ẹran ni ìtàn oògùn yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1920, màlúù ń kú ní Kánádà àti North Dakota ní Amẹ́ríkà. Wọ́n á gé ìwo rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ò ní dá títí tó fi máa kú. Koríko sweet clover tó ti bu ni wọ́n ń fún wọn jẹ. Karl Paul Link àtàwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Wisconsin ló rí dicoumarol nínú rẹ̀, nígbà tó fi máa di 1940. Warfarin tẹ̀ lé e: oògùn eku ni ní 1948, oògùn èèyàn ní 1954. Kó má já yín láyà, ìwọ̀n ló fi yàtọ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò lemọ́lemọ́.

Ọmọ Aláró:
Ẹ ṣeun o, Olúwa á gbọ́ tiyín náà. A ti dé. INR ti gun 5.2. Dókítà ní kí wọ́n dá Flagyl dúró, kí wọ́n sì sinmi warfarin ná, wọ́n fún wọn ní abẹ́rẹ́ fítámì K díẹ̀. Lọ́túnla la máa padà lọ. Ẹ̀jẹ̀ ti dá báyìí. Màmá ń béèrè ìgbà tí àwọn máa padà sídìí ẹ̀fọ́, àti ohun tí àwọn lè lò bí orúnkún bá ń ro wọ́n. Wọ́n ní àgbo kan ń bẹ lọ́wọ́ ìyá kan ní Ọjà Ọba.

Nọ́ọ̀sì Òkè Fíà:
Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run! Inú mi dùn gan-an.

Apòògùn Ìgbóǹnà:
Àgbo, rárá o. A ò mọ ewé àti egbò tó wà nínú rẹ̀, a ò sì mọ ohun tó máa ṣe fún ẹ̀dọ̀ wọn. Ti orúnkún, kí wọ́n má lo ibuprofen tàbí aspirin. Aspirin máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ́ńsáìmù tí wọ́n ń pè ní COX nínú platelet, ìyẹn àwọn wẹ́wẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ tó ń kóra jọ dí ojú ọgbẹ́, kò sì ní tú sílẹ̀ mọ́ títí platelet náà fi máa kú, ó tó ọjọ́ 7 sí 10. Ibuprofen ń tú sílẹ̀ ní tirẹ̀ láàárín wákàtí mélòó kan, àmọ́ ó ń dá egbò sínú ikùn, ẹni tó ń lo warfarin ò sì fẹ́ egbò níbẹ̀ rárá. Paracetamol dáa jù, kó má pọ̀, kó má sì pẹ́ láìjẹ́ pé dókítà mọ̀.

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́, Ọjà Ọba:
Mo ti gbọ́ o, ẹ ṣeun tí ẹ là mí lọ́yẹ̀. Ewédú ńkọ́? Ilá ńkọ́?

Apòògùn Ìgbóǹnà:
Ìyá mi, ewédú, tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewúro, ugu, gbogbo ewé tútù ni fítámì K pọ̀ nínú wọn. Ilá náà ní in, kò kàn tó tewé ni. Kò sí èyí tó di èèwọ̀ níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ṣíbí ìdáná kan lójúmọ́ ni Màmá ń bù tẹ́lẹ̀, kí wọ́n máa bu kan náà, ìbáà jẹ́ ọjọ́ ọdún. Ọmọ Aláró, ẹ jẹ́ kí èsì ọ̀túnla jáde ná. Ẹ wá sọ fún dókítà pé Màmá fẹ́ padà sídìí ẹ̀fọ́, kó lè bá wọn ṣètò àyẹ̀wò míì láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Oúnjẹ òní kì í hàn nínú INR lónìí, torí nọ́ńbà 2 tó ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ máa ń tó ọjọ́ méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta kí ìdajì rẹ̀ tó lọ.