Wọ́n ní ìdọ̀tí inú sẹ́ẹ̀lì ló ń sọ mí di arúgbó, ẹ gbà mí o!

Okun o, ẹ̀yin tèmi. Kàbbà ni mo wà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún 51. Lọ́jà, ọmọ kékeré kan pè mí ní màmá àgbà! Obìnrin tó ń ta tíì ní ìdọ̀tí ti kún sẹ́ẹ̀lì mi, àwọn ẹyọ tín-ín-tín tó para pọ̀ di ara, pé ìdọ̀tí yẹn ló yọ àmì dúdú sí mi lójú. Kí n máa mu tíì òun, kí n máa gbààwẹ̀ di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. ₦18,000, owó iṣu mi! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé, ẹ̀yìn ilé ni mò ń sáré lọ ṣáá, àmì ò kúrò, ọkọ mi ń fi mí rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà ò gbé fóònù mi mọ́. Kí ni mo tún lè lò?

Bàbá Táyé, Ìsánlú: Èmi náà mu irú ẹ̀ rí. Ọjọ́ mẹ́rin ni mi ò lè wọ mọ́tò.

Ìyá Ìbejì: Ẹni ọdún 51 ń wá ojú ọmọge. Èmi tí mo ti pé 68 ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Mọ̀pà: Ìdọ̀tí sẹ́ẹ̀lì kì í ṣe irọ́. Àpò kékeré kan wà nínú sẹ́ẹ̀lì tó ń lọ pàǹtí, lysosome. Christian de Duve tó ṣàwárí ẹ̀ wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1974. Bá a ṣe ń dàgbà, iṣẹ́ ẹ̀ ń falẹ̀. Èyí tí kò lè lọ̀ tán, lipofuscin, á máa gbá jọ, pàápàá nínú ọkàn àti ọpọlọ, torí sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ kì í sábà pín kí ìdọ̀tí náà pín. Tíì ò dé ibẹ̀, ìfun ló ń gbọ̀n. Àmì ojú yẹn, oòrùn oko ló sábà máa ń fà á.

Ọmọ Ìyàrà: Ará Japan kan ṣáà gba Nobel ní 2016 torí ààwẹ̀!

Nọ́ọ̀sì Mọ̀pà: Ohsumi? Yíìsì ló febi pa, yíìsì búrẹ́dì. Ibẹ̀ ló ti rí bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń jẹ pàǹtí ara ẹ̀. Kò ní kí ìyá kankan má jẹun.

Ẹni tó béèrè: Ìyá Ìbejì, mi ò wá ojú ọmọge o. Ààwẹ̀ ò ṣe mí ní nǹkan kan, mo ti ń gbà á látìgbà ọmọdé. Kìkì pé tó bá di aago mẹ́rin, ọwọ́ mi á máa gbọ̀n, òógùn á bò mí, bó ṣe ń ṣe mí báyìí. Bẹ́ẹ̀ mi ò fo glibenclamide mi lọ́jọ́ kan.

Nọ́ọ̀sì Mọ̀pà: Hàà! Oògùn ṣúgà lẹ̀ ń lò, ẹ ò sì jẹun? Ṣúgà ara yín ló ń já wálẹ̀ yẹn, ẹ lè dákú! Ẹ po ṣúgà sómi mu kíákíá, ẹ jẹun lé e, ẹ lọ rí dókítà yín lónìí.

Ìyá Ìbejì: Ẹ má bínú sí mi. Ṣé bàbá wà nílé?

Ẹni tó béèrè: Mo ti mu ún, ó ti ń rọlẹ̀. Ọkọ mi ti lọ wá ọ̀kadà. Ṣùgbọ́n ₦18,000 mi ńkọ́?