Àbọ̀ ìrìn àjò mi sí Salvador

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti padà sí São Paulo láyọ̀. Ẹ rántí pé mo béèrè bóyá ọjọ́ méjì tó láti fi wo Salvador, ìlú kan ní Brazil níbí tí ọkàn mi ti ń fà sí láti kékeré. Kò tó rárá!

Ẹni tó ní kí n wọ Elevador Lacerda, ẹ̀rọ agbéniròkè ìlú náà, ẹ ṣé o. Láti 1873 ló ti ń gbé èèyàn láti ìsàlẹ̀ ìlú lọ sókè, kò sì gbà tó ìṣẹ́jú kan. Pelourinho, àdúgbò àtijọ́ ìlú náà, dára, àmọ́ òkúta ilẹ̀ ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹ́ mi lẹ́sẹ̀.

Ti àkàrà ló wá pabanbarì. Acarajé ni wọ́n ń pè é, epo pupa ni wọ́n fi ń dín in. Ìyá aláṣọ funfun tó ń tà á bi mí pé, "Quente?" Mo rò pé gbígbóná ló ń wí, oòrùn sì ń mú, ni mo bá ní rárá. Àṣé ata ni! Èmi ọmọ Ìjẹ̀bú, mo jẹ àkàrà tí kò láta. Mo padà lọ ra òmíràn, omi bọ́ lójú mi.

Ní Dique do Tororó, adágún omi kan nínú ìlú náà, ère Ọ̀ṣun, Yemọja àti Ṣàngó dúró lórí omi. Ẹnu mi wọhò.

Bí ẹ bá ń lọ, ẹ mú ọjọ́ mẹ́rin. Ìbéèrè mi ti parí.