Èsì: Orin tó ń sọ ìtàn, kí la fẹ́ máa pè é?

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o.

Láti ọjọ́ Ajé tí ọ̀kan nínú wa tó ń túmọ̀ ìwé orin fún àwọn ọmọ iléèwé ti béèrè orúkọ fún orin tó ń sọ ìtàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, orúkọ mẹ́ta ló ti jáde: orin ìtàn, orin onítàn, orin apìtàn. Mo ka gbogbo ohun tí ẹ kọ. Kò sí èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Orin ìtàn kò gba àríyànjiyàn. Bí mo bá ti gbọ́ ọ, ogun Kírìjì ló ń wá sí mi lọ́kàn, bí ẹni pé orin nípa ìtàn àtijọ́ nìkan ni.

Orin onítàn ló ṣòro láti kọ̀, nítorí eré onítàn ti wà nílẹ̀, etí ti mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ wo Yorùbá Ronú tí Hubert Ògúndé gbé jáde ní 1964. Ìtàn wà nídìí orin yẹn àti eré tó bá a jẹ́ orúkọ débi pé ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ eré Ògúndé. Síbẹ̀, orin náà kò jókòó kó máa ròyìn ìjà Awólọ́wọ̀ àti Akíntọ́lá fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó mọ̀ ló mọ ibi tí òkò ọ̀rọ̀ ń bà. Ọ̀pọ̀ orin wa ló rí bẹ́ẹ̀: akọrin á pa òwe tirẹ̀, àwa la ó lọ máa wádìí ta ló ṣẹ̀ ẹ́. Orin tó ní ìtàn nìyẹn, onítàn sì yẹ ẹ́. Èyí tí a ń wá orúkọ fún yàtọ̀. Ẹ gbọ́ orin kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí Ebenezer Obey kọ ní 1973. Ẹ ò ní láti mọ ẹnikẹ́ni kó tó yé yín. Bàbá, ọmọ, ẹran tí wọ́n ń gùn àti gbogbo ẹnu aráyé wà nínú rẹ̀. (Ẹṣin ni wọ́n pè é nínú orúkọ Gẹ̀ẹ́sì tó wà lára àwo o. Ẹ̀yin atúmọ̀ èdè, ẹ kú iṣẹ́.)

Ẹ̀gbọ́n wa kan ní ká má da ara wa láàmú, pé orin àlọ́ ti wà, àti pé nítorí kí àwọn ọmọ lè rí nǹkan gbè ni orin ṣe ń wà nínú àlọ́. Ẹ má bínú, sà, àlọ́ Alùgbinrin kò jẹ́ kí n gbà. Ẹ rántí pé babaláwo se àsèjẹ fún Yánníbo, ìyàwó Ìjàpá, tó ń wá ọmọ, ó sì kìlọ̀ fún Ìjàpá pé kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án. Òórùn ọbẹ̀ ta sí i nímú, ó jókòó sábẹ́ igi, ó jẹ ẹ́ tán. Ohun tí àlọ́ sọ nìyẹn. Nígbà tí ikùn wú tán tó sáré padà lọ bẹ babaláwo, kí ló kọ lórin? Ó ní gbòǹgbò ló yọ òun, òun fọwọ́ kanlẹ̀, òun wá fọwọ́ kan ẹnu, “mo bojú wo ikùn, ó rí gbẹ̀ǹdù”. Irọ́ ni! Àlọ́ ń sọ tirẹ̀, orin ń sọ tirẹ̀, àwa ọmọdé sì ń gbe irọ́ ọ̀hún lẹ́sẹ̀, “alùgbinrin”, tẹ̀ríntẹ̀rín. Ìyá àgbà máa ń fọwọ́ kan ẹnu gan-an tó bá dé ibẹ̀, á wá dijú bí ẹni tí kò mọwọ́mẹsẹ̀. Ẹ yọ orin yẹn kúrò nínú àlọ́, yóò ṣì dá ìtàn sọ. Ọ̀pọ̀ orin àlọ́ mìíràn kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, orin àlọ́ ń sọ ibi tí orin ti wá. Kò sọ iṣẹ́ tó ń ṣe.

Ó ku orin apìtàn. Ẹni tó dá a lábàá tẹ̀ lé bí a ṣe sọ ẹ̀rọ amúlétutù lórúkọ, ọgbọ́n sì wà níbẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé a- olóhùn àárín yìí lè sọ ọ́ di ènìyàn: apẹja, apànìyàn. “Orin apìtàn” lè jẹ́ orin tí apìtàn kan ń kọ, kódà kó jẹ́ orin ìfẹ́.

Èmi dábàá orin àkọpìtàn. Àwọn baba wa ti là ọ̀nà yìí sílẹ̀: àlọ́ àpamọ̀ ni èyí tí a ń pa kí a lè mọ̀ ọ́n, àlọ́ àpagbè ni èyí tí a ń pa tí a sì ń gbè. Àkọpìtàn ni èyí tí a kọ láti fi pìtàn. À- olóhùn ìsàlẹ̀ kò jẹ́ kó di ènìyàn mọ́. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní kọ lè jẹ́ ti ìwé. Orin tó ṣíwájú rẹ̀ ti yanjú ìyẹn. Ẹni tí kò bá fi àmì sí i lórí fóònù, tó kọ “akopitan”, tó wá dà bí ẹni tó ń kó òpìtàn jọ, ẹjọ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ni.

Ìwé kan wà lọ́wọ́ èmi náà tí mo ti lò ó sí, ojú ìwé 14. Ọjọ́bọ̀ ni mo máa fi ránṣẹ́ sí àwọn atẹ̀wé. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù, kó tètè fọhùn.