Abẹ́rẹ́ hydrocortisone mú ara àbúrò mi lé: ṣé ara aláìsàn ikọ́ fée lè kọ steroid?

Ìyá Ìbejì, Kubwa, Àbújá:
Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìfaradà ọyẹ́ yìí. Àbúrò mi ọkùnrin, ẹni ọdún 34, ti ń bá ikọ́ fée yí láti kékeré. Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú tó kọjá, lẹ́yìn tí eruku ti fẹ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, èémí rẹ̀ há, inhaler aláwọ̀ búlúù tó máa ń fà kò ràn án mọ́, ni a bá gbé e lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan nítòsí. Wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ fẹ́ oògùn sí i nímú, ó sì tù ú díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni nọ́ọ̀sì gún un ní hydrocortisone, ọ̀kan nínú àwọn oògùn steroid tó ń mú kí wíwú inú ara rọlẹ̀, sínú iṣan ọwọ́. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yún un, tí ọrùn àti àyà rẹ̀ lé bíi ti ẹni tí wèrèpè jẹ, ètè òkè rẹ̀ wú, èémí rẹ̀ sì tún há ju bí a ṣe gbé e dé lọ. Dókítà sáré gún un ní adrenaline ní itan, Ọlọ́run sì bá wa ṣé é.

Nígbà tí mo ní abẹ́rẹ́ náà ló fà á, nọ́ọ̀sì ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé oògùn tí a fi ń wo àlẹ́jì kò lè fa àlẹ́jì. Ṣé òótọ́ ni? Àbúrò mi ti búra pé òun kò ní fọwọ́ kan steroid mọ́, títí kan inhaler kejì tó ní steroid nínú, tó ń fà láràárọ̀, ìyẹn gan-an ló sì ń bà mí lẹ́rù jù.

Apòògùn, Kàdúná:
Ìyá Ìbejì, ẹ kú ewu. Ohun tí ẹ fojú ara yín rí ṣeé ṣe. Kò wọ́pọ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìlera kò fi tíì bá a pàdé, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí àwọn oníṣègùn ti ń kọ ọ́ sílẹ̀. Hydrocortisone fúnra rẹ̀ kì í fẹ́ yọ́ sínú omi. Kí wọ́n tó lè fi í ṣe abẹ́rẹ́ iṣan, wọ́n ní láti so nǹkan mìíràn mọ́ ọn. Succinate ni wọ́n sábà máa ń so mọ́ òun àti methylprednisolone, tí í ṣe steroid mìíràn, òun ni a sì sábà máa ń fura sí nígbà tí ara bá kọ abẹ́rẹ́ náà. Nígbà mìíràn, èròjà tí wọ́n fi pò ó ni: ìgò methylprednisolone ti 40 mg kan wà tó ní lactose (ṣúgà inú wàrà), ní 2017 ni àjọ tó ń mójú tó oògùn ní Yúróòpù sì kìlọ̀ pé kí a má fún ẹni tí ara rẹ̀ kọ wàrà màlúù ní abẹ́rẹ́ methylprednisolone tó ní lactose tí wọ́n yọ láti inú wàrà náà.

Irú ìjà yìí máa ń wáyé lára àwọn oníkọ́ fée tí aspirin ń mú kí èémí wọn há. Nítorí náà, ṣé àbúrò yín lè lo aspirin? Ṣé ẹran ń hù nínú imú rẹ̀? Kí ni wọ́n kọ sẹ́yìn orúkọ hydrocortisone lára páálí náà?

Bàbá Síkírù, Sabon Gari, Kano:
Èmi náà ní àlẹ́jì steroid. Nígbà tí wọ́n ti dexamethasone, tí òun náà jẹ́ steroid, sínú iṣan mi, ẹ forí jì mí, abẹ́ mi jó mí bí ẹni pé wọ́n fi ata kùn ún, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì.

Nọ́ọ̀sì kan, Gwagwalada:
Bàbá, ti yín kì í ṣe àlẹ́jì. Phosphate tí wọ́n so mọ́ dexamethasone ló máa ń ta báyẹn bí a bá yára tì í wọlé. Bí a bá fi omi là á tí a sì rọra tì í, kì í sábà ṣẹlẹ̀. Bákan náà ni ẹni tí ohùn rẹ̀ há tàbí tí nǹkan funfun bo ahọ́n rẹ̀ nítorí inhaler: kí ó máa fi omi yọ ẹnu lẹ́yìn tó bá fà á, kí ó sì tu omi náà dànù.

Ìyá Ìbejì, ẹ bá mi bẹ àbúrò yín. Inhaler tó ti ń fà fún ọdún pípẹ́ láìsí wàhálà kì í ṣe ọ̀tá rẹ̀. Bí ó bá pa á tì nínú eruku yìí, ikọ́ náà yóò padà wá pẹ̀lú agbára.

Ìyá Ìbejì:
Mo ti padà lọ gba páálí òfìfo náà. Lẹ́tà wẹ́wẹ́ ibẹ̀ ni «hydrocortisone sodium succinate 100 mg». Ní ti aspirin, nígbà tó ń gbé ní Minna ni ó lá ìyẹ̀fun orí fífọ́ kan tó ní aspirin nínú, ilé ìwòsàn ló sì sùn lóru ọjọ́ náà. A kàn gbà pé ikọ́ ló dé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti yọ ẹran imú fún un. A kò so wọ́n pọ̀ rí. Ṣùgbọ́n ó ti lo prednisolone, steroid oníhóró, ní ìgbà mẹ́ta, nǹkan kan kò ṣe é.

Apòògùn, Kàdúná:
Prednisolone tó ti bá a lára mu yìí dára púpọ̀, nítorí oníhóró kò ní succinate. Kí ó jìnnà sí aspirin àti àwọn oògùn ìrora tó jọ ọ́, bí ibuprofen àti diclofenac; paracetamol ni kí ó bi dókítà rẹ̀ léèrè. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tí dókítà àlẹ́jì wà, kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ tínrín dán oògùn náà wò lára awọ rẹ̀, kí wọ́n sì fún un ní òmíràn díẹ̀díẹ̀ níṣojú wọn, bóyá dexamethasone. Ẹ má dán ìyẹn wò nílé.

Kí ó kọ orúkọ abẹ́rẹ́ náà ní kíkún sí ìwé pélébé nínú pọ́ọ̀sì rẹ̀, kí ó sì fi ti methylprednisolone sodium succinate kún un. Kí ó má ṣe kọ «àlẹ́jì steroid» lásán, kí nọ́ọ̀sì tí yóò rí i lóru má baà fi prednisolone tó nílò dù ú.