"Bẹ́ẹ̀ ni" nìkan ni mò ń gbà bọ̀ látẹnu àwọn tí mò ń fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò

Oníròyìn Tuntun (Ìjẹ̀bú-Òde):
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mo kí yín o. Rédíò ni mo wà, mi ò tíì pé oṣù mẹ́ta. Àwọn tó ń yan gàrí ni wọ́n ní kí n fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. "Bẹ́ẹ̀ ni", "a dúpẹ́", kò ju ìyẹn lọ. Ariwo ẹ̀rọ sì bo ohùn tí mo gbà sílẹ̀. Ẹ gbà mí.

Ẹ̀gbọ́n Ṣágámù:
Ìbéèrè rẹ ló ń bí "bẹ́ẹ̀ ni". Tó o bá ní "Màmá, gàrí Ìjẹ̀bú ló dùn jù, àbí?", o ti dáhùn fún wọn nìyẹn. Ohun tí ọwọ́ wọn ń ṣe ni kó o bi wọ́n: "Màmá, tẹ́ ẹ bá rin pákí tán, ọjọ́ mélòó ló ń lò nínú àpò kẹ́ ẹ tó yan án?" Inú àpò yẹn ni gàrí Ìjẹ̀bú ti ń kan, ibẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ wọn wà. Wọ́n bá dáhùn, bi wọ́n pé: "Tẹ́ ẹ bá yan án lọ́jọ́ kejì ńkọ́?"

Ìbéèrè kan lẹ́ẹ̀kan o. Tó o bá da mẹ́ta pọ̀, èyí tó rọrùn jù ni wọ́n á mú. Wọ́n bá sọ̀rọ̀ tán, panu mọ́, ka ení dé àrún nínú. Ẹnu á máa yún ẹ, má dá a lóhùn.

"Ẹn-hẹn, ẹn-hẹn" tá a fi ń gbe àgbà lọ́rọ̀ náà, fi sílẹ̀. Ó máa ń gun orí ohùn wọn, kò ṣeé gé kúrò. Kọ́kọ́ sọ fún wọn pé orí ni wàá máa mì, kí wọ́n má bàa rò pé o ò fetí sílẹ̀.

Gbohùngbohùn:
Má gba ohùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń rin pákí. Bẹ̀ wọ́n kẹ́ ẹ bọ́ sẹ́yìn ilé. Pa nẹ́tíwọ̀kì fóònù, torí ìpè lè dá ìgbàsílẹ̀ dúró. Gbé fóònù náà tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20 sẹ́nu wọn, kó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ kí èémí má bàa fẹ́ lù ú. Gba díẹ̀, gbọ́ ọ, kó o tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, gba ariwo ẹ̀rọ àti ti agbada lọ́tọ̀, ìṣẹ́jú kan péré. Wàá rí i lò lábẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ.

Oníròyìn Tuntun:
Ẹ ṣeun gan-an. Wọ́n tún ní ọdún Ojúde Ọba kàn mí.

Àǹtí Ìkẹ́nnẹ́:
Má dúró dọjọ́ kẹta Iléyá tí wọ́n ń ṣe é. Ìlù, ẹṣin àti èrò ò ní jẹ́ kó o gbọ́ nǹkan kan. Lọ bá àwọn olórí régbérégbé, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra, àti ìdílé àwọn balógun tó ń gẹṣin nílé ṣáájú. Lọ́jọ́ náà gan-an, ìbéèrè méjì ti tó.

Jẹ́ kí kálukú fọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ àti oyè rẹ̀ fún ẹ. Tó o bá ṣi oyè pè lórí rédíò, odindi agbo ilé ló máa pè ẹ́. Ẹni tó bá ní kó o má dárúkọ òun, kẹ́ ẹ jọ fẹnu kò kó tó sọ̀rọ̀, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Owó tí wọ́n bá ká sí ẹ lọ́wọ́, dá a padà. Ìlànà ìwà àwọn oníròyìn Nàìjíríà ọdún 1998 kò fàyè gbà á.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ parí, béèrè pé "Kí ni mi ò béèrè?" Má tíì pa fóònù, àmọ́ kó wà níbi tí ojú wọn tó o. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n sábà máa ń sọ èyí tó dáa jù.