Ìdáhùn: "Ẹ̀dà-owó" kọ́ o, ẹ jọ̀ọ́

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjókòó.

Mo ka àlàyé tí ẹ̀gbọ́n wa tó ń kó owó àtijọ́ jọ ní Lọ́ńdọ̀nù fi ránṣẹ́, lórí orúkọ Yorùbá tí a ń wá fún "token", ìyẹn owó bàbà tí àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń rọ fúnra wọn láyé ọjọ́un; wọ́n ní kí á máa pè é ní "ẹ̀dà-owó". Àwòrán tí wọ́n fi sí i dára púpọ̀. Orúkọ yẹn ni kò bá mi lára mu. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ; ilé wo ni wọ́n wò?

Ẹ̀dà kì í dá wà. Ojúlówó ló ń ṣáájú rẹ̀. Ẹ wá wo kọ́bọ̀ (penny) Parys Mine Company, iléeṣẹ́ tó ń wa bàbà, tí wọ́n fi bàbà tí wọ́n wà ní erékùṣù Anglesey ní Wales rọ lọ́dún 1787. Ìjọba ò tíì fi bàbà rọ kọ́bọ̀ rí nígbà náà. Ọdún 1797 ni ti ìjọba tó jáde, Matthew Boulton, oníléeṣẹ́ ìrọwó, ló bá wọn rọ ọ́ nítòsí Birmingham. Ìyá tí wọ́n bí lọ́dún mẹ́wàá lẹ́yìn ọmọ rẹ̀, ṣé ọmọ náà ló jọ ọ́ ni? Ṣẹ́ńjì ló wọ́n wọn nílùú, wọn ò rí owó kéékèèké san fún òṣìṣẹ́, ni wọ́n bá rọ tiwọn.

Ohun tó wà lára owó náà ló yẹ kó fún un lórúkọ. Orí àwòrò ìgbàanì kan, onírùngbọ̀n, tó fi aṣọ bo orí, ló wà lójú kan, ewé igi oak yí i ká. Lójú kejì, wọ́n lọ́ lẹ́tà P, M àti C mọ́ra, wọ́n sì kọ ọ́ pé àwọn ṣèlérí láti san kọ́bọ̀ kan fún ẹni tó bá mú un wá. Ẹ yí i sí etí, ẹ ó rí ibi tí wọn yóò ti san án: Lọ́ńdọ̀nù, Liverpool tàbí Anglesey. Ẹni tó bá ra irú owó yìí láìwo etí rẹ̀, wọ́n lè lù ú ní jìbìtì, torí àwọn ọ̀bàyéjẹ́ ìgbà náà rọ ayédèrú rẹ̀ rẹpẹtẹ. Àwọn yẹn gan-an ni ẹ̀dà! Bí ojúlówó bá ti gba orúkọ ẹ̀dà, kí la ó wá pe ẹ̀dà?

Ìlérí tó wà lára owó náà ni ìdí tí mo fi fara mọ́ "owó-ẹ̀jẹ́" tí àbúrò wa ará Ìlọrin mú wá. Lágbájá ń pariwo pé bí a kò bá fi àmì sí i, "owó-ẹ̀jẹ̀" ni wọn yóò kà á sí. Ta ló ní kí wọ́n má fi àmì sí i? Ìyá mi àgbà tó ń so kọ́bọ̀ oníhò mọ́ okùn kò mọ̀wé, síbẹ̀ ẹ̀jẹ́ àti ẹ̀jẹ̀ kò dàrú mọ́ ọn lẹ́nu rí. Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ló ń dàrú mọ́ lójú.

Bí ẹ bá sì fẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ wọ̀ ọ́ tipátipá, Thomas Williams, ọ̀gá nídìí bàbà Parys yìí, kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ sí ilé aṣòfin lọ́dún 1788 láti tako òfin tí wọ́n fẹ́ fi ká òwò ẹrú lọ́wọ́ kò. Ó ní òun àtàwọn ẹgbẹ́ òun ti kó 70,000 pọ́n-ùn lé iléeṣẹ́ tó ń rọ ọjà bàbà àti idẹ fún Áfíríkà. Ẹ pe tiẹ̀ ní owó-ẹ̀jẹ̀, n kò ní jà. Àmọ́ láàárín ọdún 1790 sí 1799, àwọn kan rọ ààbọ̀ kọ́bọ̀ tí èèyàn dúdú kúnlẹ̀ lórí rẹ̀ pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́, tó ń béèrè bóyá òun kì í ṣe ènìyàn àti arákùnrin. Ṣé orúkọ kan náà lẹ máa fún ìyẹn?

Ní ti alàgbà tó ní bàbà àti idẹ kò yàtọ̀, tí wọ́n sì ń rán mi létí pé àwọn ti ń kọ́ni ní Yorùbá kí wọ́n tó bí mi: kí wọ́n bi asúdẹ ní Òṣogbo. Ìwé ẹ̀rí ọdún mélòó kan kò lè sọ bàbà di idẹ.